Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀rọ karaoke wo ni kí n rà fún ìsọ̀ mi?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Àgọ́-Ìwòyè:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹja yíyan àti pẹpẹ súùpù ni mò ń tà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa, OOU, ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Wọ́n ti yọ mí lẹ́nu tó, karaoke ni wọ́n ń fẹ́ lálẹ́ Jímọ̀. Mo rí ọ̀kan n'Ìjẹ̀bú-Òde: ó ní táyà nídìí, iná aláràbarà ń ṣẹ́jú lára ẹ̀, máìkì méjì tí kò ní wáyà bá a wá, wọ́n sì kọ 5000W gàdàgbà síwájú ẹ̀. Owó ọwọ́ mi ò ju ₦300,000 lọ. Tó bá di Sọ́ńdè, màá gbé e lọ sílé fáwọn ọmọ. Ṣé kí n sanwó?

Atúnspíkà, Ṣàgámù:
Ẹ dákun, ẹ má tíì sanwó, ìyá. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà ẹ̀ ná. Bó bá jẹ́ 15V, 3A, iná 45W péré ló ń wọ inú ẹ̀. Bátìrì lè tì í lẹ́yìn díẹ̀, àmọ́ níbo ni 5000 ti fẹ́ wá? RMS, ìyẹn agbára tó lè máa gbé jáde láìdáwọ́ dúró, ni kí ẹ bi ẹni tó ń tà á. Tó bá ń wòkè, ẹ máa lọ.

Ìsọ̀ tó ṣí sílẹ̀, tí èrò ń pariwo níbẹ̀, spíkà oníńṣì 12 tó ní ámpù (ẹ̀rọ tó ń mú ohùn lágbára) nínú ló tọ́ sí i, pẹ̀lú míksà kékeré kan tó ń da ohùn máìkì àti orin pọ̀ àti máìkì oníwáyà méjì. Èyí tó bá bàjẹ́ nìkan lẹ máa tún ṣe. Èyí tí wọ́n rọ gbogbo ẹ̀ sínú àpótí kan, bí bọ́ọ̀dù ẹ̀ bá jó, àga lẹ máa fi ṣe.

Ìyá Ìbejì, Ìlíṣàn:
Fáwọn ọmọ nílé, àpótí yẹn tó o. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ̀gbọ́n, wáyà kẹ̀? Ẹni tó ti mu ìgò mẹ́ta á fẹsẹ̀ kọ ọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ra aláìníwáyà jàre.

Atúnspíkà, Ṣàgámù:
Òótọ́ ni, àbúrò. Ṣùgbọ́n UHF (irú ìgbì rédíò kan tó ń gbé ohùn) ni kó jẹ́, kí máìkì méjèèjì má sì wà lórí frequency, ìyẹn ojú ìgbì, kan náà, wọ́n á máa bára wọn jà. Èyí tó ń fi Bluetooth gbé ohùn, ẹ sá fún un. Ohùn máa ń pẹ́ kó tó dé, akọrin á máa gbọ́ ara ẹ̀ lẹ́yìn. Fóònù tó ń gbé orin náà, wáyà ni kẹ́ ẹ fi so ó mọ́ míksà.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Àgọ́-Ìwòyè:
Ẹ ṣeun gan-an. Orin ńkọ́? Àwọn àgbà kan máa ń yà, orin àtijọ́ ni wọ́n ń béèrè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Bí wọ́n bá ní Haruna Ishola ńkọ́? Ọmọ ìlú wa ni! App kan wà tó ń yọ ohùn kúrò nínú orin. Mo fi dán àpàlà wò: ó yọ Bàbá, ó yọ àwọn elégbè, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń jó. Tàwọn ọ̀dọ́ ló rọrùn, èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ orin sójú ẹ̀rọ pọ̀ lórí YouTube.

DJ Ìpẹru:
Kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ rà á kíákíá? Sátidé ni òde ìnáwó lọ́dọ̀ wa. Lálẹ́ Jímọ̀, spíkà ọ̀pọ̀ wa wà nílẹ̀ lásán. Ẹ yá a! Daisuke Inoue, ará Japan tó ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní Kobe lọ́dún 1971, yíyá ló ń yá a fáwọn ilé ọtí, kì í tà á fún wọn. Bí èrò bá ń wá, ẹ̀yin fúnra yín á mọ ìwọ̀n tó yẹ yín. Àmọ́ lọ́sẹ̀ Ojúde Ọba, ẹ má wá mi o.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Àgọ́-Ìwòyè:
Ọ̀rọ̀ yíyá yẹn wọ̀ mí létí. Tẹlifíṣọ̀n wà ní ìsọ̀. Ibo ni kí n gbé spíkà sí, kó má bàa máa han fíì?

Atúnspíkà, Ṣàgámù:
Kó kọjú sáwọn oníbàárà, kí akọrin dúró sẹ́yìn ẹ̀. Tí máìkì bá ti kọjú sí spíkà, á han ni. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa fọwọ́ bo orí máìkì bíi tàwọn olórin ráàpù, ìyẹn náà ń fà á. Ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan ámpù. Bẹ́ ẹ bá ń palẹ̀ mọ́, ámpù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa.