Ṣé OmpA lẹ ń wò lóòótọ́? Ìrírí wa lórí àǹtíbọ́dì àti purotéènì awọ ìta bakitéríà

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Odidi oṣù mẹ́ta ló bá a lọ, ó ṣì ń dùn mí.

OmpA ni mò ń wá, ọ̀kan lára àwọn purotéènì tó pọ̀ jù lọ nínú awọ ìta E. coli. Mo fi sarkosyl (irú ọṣẹ kan) yọ́ awọ inú dànù, mo fi awọ ìta tó ṣẹ́kù sórí jẹ́ẹ̀lì tó ń ya purotéènì sọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe tóbi sí, mo gé ojú ibi tí OmpA wà, a sì fi gún ehoro lábẹ́rẹ́ kí ara rẹ̀ lè ṣe àǹtíbọ́dì, ìyẹn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ohun àjèjì. Nígbà tí omi ẹ̀jẹ̀ ehoro náà dé ọwọ́ mi, mo ṣe Western blot: ibi tí àǹtíbọ́dì bá ti lẹ̀ mọ́ ohun tó mọ̀ ni ìlà ń yọ sí. Ìlà kan yọ ní nǹkan bí 35 kDa (òṣùwọ̀n bí purotéènì ṣe tóbi sí), ó dúdú, ó nípọn. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà tín-ín-rín kan tún tò láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Mo ní ìdọ̀tí ni. Mo fọ̀ ọ́ títí, mo fi kún mílíìkì tí mo fi ń dí ojú rẹ̀, pàbó.

Ọ̀gá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Fi Proteinase K jẹ ẹ́ ná." Purotéènì ni nǹkan yẹn ń jẹ, kì í fọwọ́ kan LPS, ìyẹn ọ̀rá tó ní ṣúgà lára tó wà nínú awọ ìta. Mo ṣe bẹ́ẹ̀: ìlà 35 kDa lọ, àtẹ̀gùn dúró digbí. LPS ni! Ó ti bá OmpA wọ ara ehoro.

Èyí tó dùn mí jù wá tẹ̀ lé e. Mo fi E. coli tí wọ́n ti yọ jíìnì ompA kúrò lára rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Ìlà kan ṣì wà níbẹ̀, ó fi díẹ̀ ga ju ti OmpA lọ. OmpC àti OmpF, àwọn purotéènì awọ ìta mìíràn, ń gbé nítòsí ibẹ̀. Ó jọ pé ọ̀bẹ mi ti kó wọn mọ́ ọn. A ò sì gba ẹ̀jẹ̀ ehoro náà kí a tó gún un, bẹ́ẹ̀ ó lè ti ní àǹtíbọ́dì sí E. coli látinú ìfun ara rẹ̀. Ohun tó yọ mí ni pé mo po omi ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ E. coli tí kò ní OmpA yẹn, kí gbogbo àǹtíbọ́dì tó mọ nǹkan mìíràn lẹ̀ mọ́ ọn. Mo yí i nínú ẹ̀rọ, mo mú omi òkè. Ìlà kan ṣoṣo ló kù.

* * *

Ẹ kú ìfaradà o. Ibi sísè ni tèmi ti wá. OmpA tí a ò sè máa ń sáré ju èyí tí a sè lọ: nǹkan bí 28 kDa ni ìlà rẹ̀ ń yọ sí, torí ó ṣì ká jọ. Mo gbàgbé láti se túùbù kan, mo rí ìlà ìsàlẹ̀, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé nǹkan ló gé e. Mo se é ní 100°C fún ìṣẹ́jú 5, ìlà náà gòkè lọ bá ti òkè.

* * *

Tèmi yàtọ̀. Àǹtíbọ́dì mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí blot, àmọ́ kò lẹ̀ mọ́ odidi bakitéríà rárá. O-antigen bakitéríà náà (okùn ṣúgà tó yọ síta lára LPS) gùn, ó bo purotéènì mọ́lẹ̀ bí igbó. Mo lo bakitéríà tí kò ní O-antigen, ó tàn yòò.

* * *

Èmi tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ ìwé mi wò: ìlà kan wà ní nǹkan bí 28 kDa tí mo fi pẹ́ńsù yí po, tí mo kọ "ìdọ̀tí" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ń lọ sè é láàárọ̀ ọ̀la.