Àfòpiná ni, kì í ṣe labalábá òru

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Bẹ̀nẹ̀) dá a lábàá pé kí a yọ "àfòpiná", kòkòrò tí Òyìnbó ń pè ní moth, kúrò nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí a ń ṣe fún àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, kí a fi "labalábá òru" rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní kòkòrò kankan kò lè pa iná mọ̀nàmọ́ná, pé irọ́ ni orúkọ náà ń pa. Wọ́n tún ní ọmọ tó bá ti mọ labalábá yóò tètè mọ èyí náà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò gbà.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìkejì bẹ̀rẹ̀. Papillon de nuit ni àwọn Faransé ń pè é, ó sì jọ pé ilé ìwé Faransé ni "labalábá òru" ti tẹ̀lé wa wálé. Ó sọ àfòpiná di ọmọ labalábá, bẹ́ẹ̀ òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Irú àfòpiná tí àwọn onímọ̀ ti kà lé ní 130,000, labalábá ò ju bíi 18,000 lọ, inú ìdílé àfòpiná náà ni labalábá sì ti yà jáde. Ta ló ń fi orúkọ ọmọ pe bàbá? (Mo mọ̀, à ń pe èèyàn ní Bàbá Bọ́lá. A kì í pè é ní Bọ́lá Òru.)

"Òru" pàápàá kò dúró. Àfòpiná kan wà, Cephonodes hylas, tí ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ ewé kọfí, ọ̀sán gangan ló ń ti ìdí òdòdó kan bọ́ sí òmíràn. Ṣé labalábá òru ọ̀sán la ó pe ìyẹn?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná. Ẹni tó sọ kòkòrò yìí lórúkọ kò rí gílóòbù. Fìtílà elépo ló rí: òwú kan nínú àwo, iná tí kò ga ju èékánná lọ. Kòkòrò ńlá já lù ú, iná kú. À-fò-pa-iná, ohun tójú rí nìyẹn. Òwe ló wá fi èrò ọkàn kún un, pé àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ṣùgbọ́n ẹ wo "fò pa" yẹn dáadáa. Bí a bá ní mọ́tò gbá ewúrẹ́ pa, ta ló sọ pé mọ́tò ní in lọ́kàn? Orúkọ náà kò sọ ju pé ó fò, iná sì kú.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2024, tí wọ́n fi kámẹ́rà tó yára gan-an ya ìfòkiri wọn, bá orúkọ náà mu ju òwe lọ. Àfòpiná kì í dìídì lọ bá iná, ẹ̀yìn ló ń kọ sí i. Lóru, ojú ọ̀run mọ́lẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, tó bá ti kẹ́yìn sí ìmọ́lẹ̀, ó mọ̀ pé òun ò dojú dé. Gílóòbù wá di ọ̀run èké. Ó ń kẹ́yìn sí i, ó ń pòòyì, kò rọ́nà lọ.

Orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ tó kù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ta aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun sórí okùn lẹ́yìnkùlé, mo tan iná sí i. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bò ó. Ọ̀kan pọ́n bí èèpo ẹ̀pà, ó tẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ pẹrẹsẹ, ìwo orí rẹ̀ rí wúruwùru bí ìyẹ́ òròmọdìyẹ. Mo fọwọ́ kàn án, nǹkan bí àtíkè lẹ̀ mọ́ mi níka. Ìpẹ́ ni àtíkè yẹn, bíi ti ẹja, àmọ́ ó kúnná ju ìyẹ̀fun lọ.

A kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ wọ́n. Mùnímùní tí wọ́n ń dín tà lọ́jà, ọmọ àfòpiná tí kò tíì hu ìyẹ́ ni, ewé igi òrí ló ń jẹ. Sányán ńkọ́? Itẹ́ tí ọmọ àfòpiná mìíràn jọ hun ni, tí a ń fi omi eérú sè kó tó ṣeé ran lówùú. Kí a pe ìyẹn ní àfòpiná sányán, ó parí.

Àbúrò wa tó mú "àfòpiná àṣá" wá fún ìdílé Sphingidae, Òyìnbó ló rí àṣá lára wọn tó fi ń pè wọ́n ní hawk moth, àwa kọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Acherontia atropos nínú wọn, tí àwòrán agbárí wà lẹ́yìn rẹ̀, ilé oyin ló ń wọ̀ lọ mu oyin olóyin, bí a bá sì dì í mú, á ké bí eku. Ajóyin ni mo fi dábàá. Ẹ má gbàgbé àmì ohùn o: jí oyin ló di ajóyin. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní ajoyin, jẹ oyin nìyẹn, èmi náà wà níbẹ̀.