Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni ẹ ṣe ń fún ọmọ JSS ní máàkì PHE orí pápá?

Tíṣà_Òṣogbo:
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ilé-ìwé ìjọba ni mo wà, PHE, ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìlera, ti JSS2 ni wọ́n gbé fún mi ní táàmù yìí. Kíláàsì mẹ́ta ni, ọmọ bíi 60 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Píríọ́dù kan lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 40, bọ́ọ̀lù kan tó ti ń tú lójú rírán, àti pápá tí àwa àti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jọ ń lò. Eré rílè ló kàn, èyí tí ẹni mẹ́rin ń gbé ọ̀pá fún ara wọn bí wọ́n ṣe ń sáré. Ẹni tó kọ́ wọn ṣáájú mi, nóòtì ló ń kọ sójú pátákó, ìwé náà ló sì fi ń dán wọn wò. Èmi fẹ́ kí 20 nínú máàkì 40 ti CA, máàkì tí à ń kó jọ kí ìdánwò tó dé, wá láti orí pápá. Kí ni kí n máa wò? Báwo ni mo ṣe lè rí gbogbo wọn? Àwọn tí kò lè sáré ńkọ́?

Kóòṣì_Ẹ̀gbá:
Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ kọ ohun tí ẹ ó máa wò sílẹ̀ kí ẹ tó dé pápá, kó má sì pọ̀. Mẹ́rin tó fún rílè. Ṣé ẹni tó fẹ́ gbọ̀pá ti ń sáré kí ẹni tó ń bọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àbí ó dúró gbagidi bí ẹni tó ń retí mọ́tò? Ṣé ó na ọwọ́ sẹ́yìn, tó la àtẹ́lẹwọ́, tí ojú rẹ̀ wà níwájú? Ṣé ẹni tó gbé ọ̀pá bọ̀ pè é kó tó nà án sí i? Ṣé ọ̀pá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì láàrin ìlà méjèèjì tó pààlà ibi ìgbọ̀pá, láìjábọ́? Máàkì márùn-ún márùn-ún, 20 pé. Ta ló kọ́kọ́ dé kò sí níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún nóòtì àtijọ́. Mítà 20 ni wọ́n ṣì ń pe ibi ìgbọ̀pá 4x100 nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó ti di 30 láti ìparí 2017. Ẹ lè fi eérú fa mítà 15 fún ìdánrawò, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ iye tí òfin sọ. Ọ̀pá ńkọ́? Ẹ má rà á. Páìpù omi tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ púlọ́ńbà, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ fi sáńpépà ha ẹnu rẹ̀ kó má baà ya ọmọ lọ́wọ́.

Ìyá_Ìbàdàn:
Kóòṣì ti sọ ti máàkì, ẹ jẹ́ n sọ ti bí àwọn ọmọ ṣe pọ̀. Ẹ pín wọn sọ́nà mẹ́rin. Àwọn kan wà lọ́dọ̀ yín níbi rílè, àwọn kan ń fo okùn, àwọn kan ń ju bọ́ọ̀lù sínú táyà, àwọn tó kù ń ta ten-ten. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ mẹ́jọ, ẹ fọn fèrè, kí wọ́n yí. Ẹgbẹ́ kan péré ni kí ẹ fún ní máàkì lọ́sẹ̀ kan. Ọmọ 15 ni, ojú yín á ká a, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sì ti parí kíláàsì.

Ẹ má fojú kékeré wo ten-ten o. Kò gba pápá, kò náni ní kọ́bọ̀, ó sì ń jẹ́ kí ẹ rí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ́ràn sí etí rẹ̀ lẹ́nu. Lọ́dọ̀ wa, àwọn obìnrin lu àwọn ọkùnrin bolẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ọkùnrin ti lọ kọ́ ọ wá láti ilé, kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́.

Ajísáré_Èkó:
Èmi ò gbà. Eré ìje ni eré ìje. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, kì í ṣe bó ṣe gbé ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀ níbi ìdíje àgbáyé ní Eugene, Amẹ́ríkà, ní 2022. Aago ní 12.12, kò sì sí obìnrin tó tíì sá mítà 100 tí wọ́n ń fo igi báyẹn rí nígbà náà. Àbí ẹ máa ń fún ọmọ ní máàkì ìṣirò torí pé ó di bírò mú dáadáa?

Kóòṣì_Ẹ̀gbá:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Inter-house la fi ń wá Amusan. Nínú JSS2, ẹ máa rí ọmọ ọdún 12 méjì: ọ̀kan ti balágà, ó ti ga tó bàbá rẹ̀, èkejì ò tíì bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ aago ló ń pín máàkì, ara tó tètè dàgbà lẹ ń fún, kì í ṣe ohun tí ẹ kọ́ wọn. Tí ẹ bá fẹ́ wọn nǹkan ṣáá, ẹ fi ọmọ wé ara rẹ̀. Kó fò láti ojú kan, ẹ wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ kejì, ẹ tún wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ kẹsàn-án.

Ajísáré_Èkó:
Ìyẹn bọ́ sí i díẹ̀. Àmọ́ àwọn ọmọ yìí gbọ́n o. Tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ìyàtọ̀ ló ń gba máàkì, wọ́n á díbọ́n lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n á fò kékeré.

Kóòṣì_Ẹ̀gbá:
Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fún un ju máàkì méjì lọ.

Nọ́ọ̀sì_Tíṣà:
Ẹ jẹ́ n dáhùn ti àwọn tí kò lè sáré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, ẹ kọ̀wé sáwọn òbí: ta ló ní asthma, ẹ̀jẹ̀ ta ló jẹ́ SS, ta ni dókítà ní kó má ṣe wàhálà. Ẹ má ka èsì rẹ̀ sókè ní kíláàsì. Ọmọ SS kì í ṣe ẹni tí ẹ ó lé lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sá eré àsápajúdé, omi gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀, tó bá sì ní ó rẹ òun, kó jókòó, ẹ má bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ti asthma, ìnhélà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí pápá, kì í ṣe nínú àpótí ní ọ́fíìsì.

Ẹ fi wọ́n ṣe adájọ́. Àsíá kékeré kan, kí ọmọ náà dúró sí ìlà ìgbọ̀pá, kó pinnu bóyá ọ̀pá kọjá ààyè. Máàkì 20 náà ni, òfin ló fi ń gbà á. Bákan náà, ẹ kọ́ gbogbo kíláàsì bí wọ́n ṣe ń ka ìlù ọkàn: ìka méjì lọ́rùn ọwọ́, ìṣẹ́jú àáyá 15, kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Kí wọ́n kà á kí wọ́n tó sáré àti lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá_Ìbàdàn:
Ẹ má sì gbàgbé ìwé pátápátá.  Tí ọmọ bá dé BECE, ìdánwò ìparí JSS3, bírò ni wọ́n á fi bi í.

Tíṣà_Òṣogbo:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Bí mo ṣe tò ó rèé: rílè 20, tẹ́ẹ̀sì ìwé 10, ìlù ọkàn 5, aṣọ eré 5. Fífò yẹn, mo fi sílẹ̀ ná.

Nọ́ọ̀sì_Tíṣà:
Ẹ yọ aṣọ eré kúrò. Òbí ló ń rà á, ẹ ò lè fi ìyẹn gé máàkì ọmọ. Ẹ gbé márùn-ún yẹn fún iṣẹ́ adájọ́, kí gbogbo wọn di àsíá mú lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán. Obìnrin tó bá wọ yẹ́rì ilé-ìwé wá, kó ṣáà wọ ṣòkòtò sábẹ́ rẹ̀.