Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe triathlon rí, ìdíje tí a ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí a ń gun kẹ̀kẹ́, tí a sì ń fẹsẹ̀ sáré tẹ̀ léra, kí lojú yín rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Ọ̀pọ̀lọ́ Odò:

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tèmi, torí bí mi ò bá kọ́kọ́ tú àṣírí ara mi, kò sẹ́ni tó máa tú tiẹ̀.

Ìdíje kúkurú tí wọ́n ń pè ní sprint ni mo fi bẹ̀rẹ̀: a ó lúwẹ̀ẹ́ fún 750 mítà, a ó gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 20, a ó wá fẹsẹ̀ sáré kìlómítà 5. Mo ti lé lógójì ọdún nígbà náà, iṣẹ́ ìjókòó ni mo ń ṣe, dókítà sì ti ní ìfúnpá mi ti fẹ́ máa ga. Eré sísá ò bà mí lẹ́rù. Kẹ̀kẹ́, láti kékeré ni mo ti ń gùn ún. Omi nìkan ni ìṣòro mi. Oṣù márùn-ún ni mo fi kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, títí mo fi lè wẹ̀ lọ wẹ̀ bọ̀ láìdúró nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Mo bá rò pé mo ti di ẹja.

Mo ń tan ara mi ni. Nínú adágún tí wọ́n fi símẹ́ǹtì ṣe, ilà dúdú wà nísàlẹ̀ tí èèyàn ń tẹ̀ lé, ògiri wà tí èèyàn á fọwọ́ gbá mú. Lọ́jọ́ ìdíje, bí mo ṣe ki orí bọ omi, ṣe ni gbogbo rẹ̀ dúdú bí ewé tó ti rà. Mi ò rí ọwọ́ ara mi. Òtútù omi yẹn gbá mi láyà, mi ò lè mí dáadáa mọ́. Fèrè dún. Ẹsẹ̀ ẹnì kan bà mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, awò ojú mi yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi rọ́ wọ inú rẹ̀. Ẹlòmíì gun ẹ̀yìn mi kọjá. Aṣọ rọ́bà tí mo wọ̀ fún mi lọ́rùn bíi pé ẹnì kan ló di ọ̀fun mi mú. Mo lanu kí n mí, omi ni mo gbé mì. Mo ní, ó tán, ibi tí mo máa kú sí nìyí.

Kóòṣì mi ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń tún sọ títí ó fi sú mi: "Bí àyà rẹ bá já nínú omi, má bá omi jà, kọjú sí sánmà." Mo yíra padà, mo sùn gbalaja sórí omi. Aṣọ rọ́bà tí mo ti ń ṣépè fún, òun ló gbé mi ró. Mo ń wo ojú ọ̀run, mo ń ka èémí mi bó ṣe ń jáde: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin. Obìnrin kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ omi tu ọkọ̀ kékeré rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní mo lè di imú ọkọ̀ mú kí n fi sinmi, pé òfin gbà á, ọkọ̀ ṣáà ò gbọdọ̀ fà mí lọ síwájú. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà! Mo dì í mú. Ó bi mí pé, "Ṣé kí n gbé yín jáde ni?" Mo wo etí omi lẹ́yìn, mo wo bọ́ọ̀lù ńlá aláwọ̀ ọsàn tí a máa yí po níwájú. Ibì kan ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà ju ìkejì lọ. Mo ní kó máà ṣèyọnu.

Bí ọ̀pọ̀lọ́ ni mo ṣe wẹ̀ dé ìdí bọ́ọ̀lù yẹn, orí mi ò kúrò lókè omi. (Ẹ ti mọ ibi tí orúkọ mi ti wá.) Ẹni méjì péré ni mo ṣáájú jáde.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé òtútù omi ló ń já èèyàn léèémí bẹ́ẹ̀, àti pé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ara á ti gbà á. Báyìí, kí fèrè tó dún, mo ti máa ń wọ inú omi, mo á ri ojú mi bọ̀ ọ́, mo á máa fẹ́ èémí jáde sínú rẹ̀ títí àyà mi á fi balẹ̀. Mo sì máa ń dúró sẹ́yìn, lápá ẹ̀gbẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní gùn mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ jẹ́ kí dókítà yẹ ọkàn yín wò ná. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú omi ni ẹ̀mí ti máa ń bọ́ jù.

Ẹsẹ̀-Ò-Gbélé:

Ẹ kú ewu o. Omi ò ṣe mí ní nǹkan kan, ibi tí a ti ń pààrọ̀ láti omi sí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti mú mi. Mo fò jáde nínú omi pẹ̀lú ìdùnnú, mo gbé akoto lé orí, mo fa kẹ̀kẹ́ yọ lórí irin tí wọ́n ń gbé e kọ́, ó di eré. Rẹfirí pariwo lé mi lórí: "Okùn! Okùn!" Mi ò tíì de okùn akoto lágbọ̀n. Òfin ni pé kí èèyàn ti dè é kó tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́, kó má sì tú u títí tó fi máa gbé kẹ̀kẹ́ padà sórí irin. Ó dá mi dúró níbẹ̀. Òtútù ti pa ìka mi, bí mo bá ti ìdè náà bọ̀ ọ́, á tún yọ. Àwọn tí mo ti fi sẹ́yìn nínú omi ń kọjá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tiẹ̀ kí mi pé ẹ kú iṣẹ́.

Nísinsìnyí, orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń da akoto dé sí, inú rẹ̀ á wà lókè, okùn méjèèjì á ṣí sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, awò ojú á wà nínú rẹ̀. Mo máa ń fi dánra wò nínú yàrá, tí mo á dijú. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Tí ẹ bá wá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ẹ máa rí i pé ẹsẹ̀ kì í ṣe tiyín mọ́. Ó ń wúwo, ó tún ń gbọ̀n. Kò sí oògùn rẹ̀ ju pé kí ẹ máa so méjèèjì pọ̀ nígbà ìdánrawò: lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bí mo bá ti sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, mo á wọ bàtà sáré ìṣẹ́jú 10 sí 15, kíá.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ̀yin ti sọ̀rọ̀ omi òde, ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi inú.

Èyí tó gùn ni mo lọ ṣe, ìlúwẹ̀ẹ́ kìlómítà 1.9, kẹ̀kẹ́ 90, eré ẹsẹ̀ 21.1. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló ń sọ pé "mu omi o, mu omi dáadáa." Mo mu ún. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń pín omi tí mo fò, òǹgbẹ ìbáà gbẹ mí, kó máà gbẹ mí. Nígbà tí mo sáré dé nǹkan bíi kìlómítà 12, orí ń fọ́ mi, ó ń rìn mí bí ẹni máa bì. Mo fẹ́ yí òrùka ọwọ́ mi, kò yí. Ìka mi ti wú. Mo wá ṣe bí aláìmọ̀kan, mo ní òǹgbẹ ni, mo tún mu ife méjì.

Àwọn nọ́ọ̀sì ló fà mí wọ inú àgọ́. Mo ń bẹ̀ wọ́n fún omi, wọn ò fún mi, omi ẹran oníyọ̀ ni wọ́n ní kí n máa fà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní omi tí mo mu ti pọ̀ débi pé iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀ jù, pé ó ń pààyàn. Ìdíje mi parí síbẹ̀.

Látìgbà náà, òǹgbẹ ni mo ń tẹ̀ lé. Mo máa ń gun òṣùwọ̀n ṣáájú ìdánrawò tó gùn, mo á tún gùn ún lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá wúwo sí i, mo mọ̀ pé mo ti mu àmujù nìyẹn. Oúnjẹ afáralókun, nǹkan bíi gíráàmù 60 ní wákàtí kan lórí kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ inú yín ṣáájú o. Inú tí kò mọ̀ ọ́n á dá a padà fún yín lójú ọ̀nà.

Jẹ́jẹ́:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríyọ. Tèmi ò pọ̀. Ọjọ́ méje lọ́sẹ̀ ni mo ń ṣe é, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú agbára, oorun wákàtí márùn-ún. Bí mo bá ka lílù ọkàn mi láàárọ̀ kí n tó dìde, 52 ni tẹ́lẹ̀, ó di 61. Ọ̀fìnkìn ò lọ, mo ń jágbe mọ́ gbogbo ará ilé. Ìyàwó mi ló ní kí n yan ọ̀kan, kẹ̀kẹ́ tàbí ìwà pẹ̀lẹ́. Mo dín in kù: ọjọ́ kan ìsinmi pátápátá, eré tí mo lè máa sọ̀rọ̀ geere láàárín rẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Ó dà bí ọ̀lẹ, mo mọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kìlómítà 10 tí mo ń fi ìṣẹ́jú 58 sá di 54.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ ronú irú ìyà yìí?

Ọ̀pọ̀lọ́ Odò:

San Diego ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi orúkọ yìí pe ìdíje kan, lọ́dún 1974. Ṣùgbọ́n èyí tó gùn ju ti Ìyá Ìbejì lọ, tí wọ́n ń pè ní Ironman, iyàn ló bí i! Wọ́n ń jiyàn ní Hawaii nípa ẹni tí ara rẹ̀ le jù láàárín òlùwẹ̀, ẹlẹ́ṣin irin àti sárésáré, ni wọ́n bá ní kí wọ́n so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lọ́jọ́ kan. Lọ́dún 1978, ọkùnrin 15 ló bẹ̀rẹ̀, àwọn 12 ló parí, Gordon Haller ló gba ipò kìíní ní wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 46. Triathlon dé Òlíḿpíìkì ní Sydney lọ́dún 2000. Àwọn tó ń jiyàn ti lọ sílé, àwa là ń jìyà rẹ̀.

Ẹnì kan bi mí níkọ̀kọ̀ bóyá mo padà sínú omi yẹn. Mo padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Obìnrin ọlọ́kọ̀ ọjọ́sí wà níbẹ̀, ó dá mi mọ̀ lábẹ́ fìlà rọ́bà. Ó tẹ imú ọkọ̀ rẹ̀ pẹ́pẹ́, ó ní, "Mo ti nù ún sílẹ̀ dè yín o." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi wọ̀ mí lẹ́nu, fèrè sì dún.