Láti SolidWorks bọ́ sórí Inventor níbi iṣẹ́ tuntun

Ìbéèrè, láti Iléṣà
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà onímọ̀ ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi SolidWorks, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ya àwòrán ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n Inventor, ètò mìíràn irú rẹ̀, ni wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, ọwọ́ mi sì ń falẹ̀ bí ti ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Kí ni kí n kọ́kọ́ dojú kọ?

Ìdáhùn kìíní
Máòsì ni. Nínú SolidWorks, bí ẹ bá tẹ kẹ̀kẹ́ àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ẹ sì fà á, àwòrán yóò yí. Nínú Inventor, ṣe ni yóò kàn sún lọ, àfi bí ẹ bá di Shift mú pọ̀ mọ́ ọn. Ohun tí ẹ mọ̀ sí mate, ìyẹn ohun tó ń so ẹ̀yà ẹ̀rọ kan mọ́ òmíràn nínú àwòrán, ni wọ́n ń pè ní constraint níbẹ̀.

Ìdáhùn kejì
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ àwọn fáìlì àtijọ́ ló ń kó mi láyà sókè jù. Bí ẹ bá fi STEP, irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ ètò ìyàwòrán lè ṣí, gbé wọn, ìrísí ẹ̀rọ yóò dé pé, ṣùgbọ́n àwọn ìpele tí ẹ gbà yà á kò ní bá a dé, nítorí náà àtúnṣe ìwọ̀n kò ní rọrùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní tèmi, ẹ tún èyí tí ẹ ń lò jù yà láti ìbẹ̀rẹ̀ (kí ẹ sì máa fi í pamọ́ léraléra, nítorí iná).