Mọ́dẹ́ẹ̀lì wo ni kí n mú fún áyónósífíà, lọ́jọ́ tó rọlẹ̀ àti lọ́jọ́ ìjì?

ỌmọFísíìsì
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Iṣẹ́ másítà mi dá lórí áyónósífíà (apá òkè afẹ́fẹ́ níbi tí oòrùn ti ń ya ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ́ọ̀mù), pàápàá TEC, ìyẹn iye ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí àmì GPS ń là kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Mo fẹ́ fi mọ́dẹ́ẹ̀lì wé dátà GPS lọ́jọ́ tí òòfà ayé dákẹ́, kí n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìjì òòfà, nígbà tí ohun tó wá láti oòrùn da òòfà ayé rú: 17 oṣù kẹta 2015, àti 10 sí 11 oṣù karùn-ún 2024. Ọ̀gá mi ní ẹyọ kan ni kí n mú. Èwo ni kí n mú? Láptọ́ọ̀pù mi ti gbó, ẹ sì mọ ọ̀rọ̀ iná.

ÌyáÌbejì
IRI (International Reference Ionosphere) ni, àbúrò. COSPAR àti URSI, ẹgbẹ́ onímọ̀ àgbáyé méjì, ló jọ ń bójú tó o, ó ti lé ní 50 ọdún. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti máa lò ó, láptọ́ọ̀pù ò bá a tan. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé bí oṣù kan ṣe sábà máa ń rí ló ń sọ, kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ àná. Lẹ́yìn náà, ní gíga 2,000 km ló dúró sí, sátẹ́láìtì GPS sì wà ní nǹkan bíi 20,200 km. Bí GPS bá ju IRI lọ lóru, má sáré pariwo pé o ti rí nǹkan tuntun.

Alákòóso_TEC
Nítorí ibi tí IRI dúró sí yẹn ni mo ṣe fara mọ́ NeQuick, mọ́dẹ́ẹ̀lì míràn. ICTP ní Trieste àti Yunifásítì Graz ló ṣe é, ó ń ka ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù dé ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, ẹ̀dà rẹ̀ kan sì ni Galileo, irú GPS ti ilẹ̀ Yúróòpù, ń lò. Ó fúyẹ́. O tún lè fi TEC tí o wọ̀n bọ́ ọ: wàá máa yí iye F10.7 (ìwọ̀n ìtànṣán rédíò láti ara oòrùn) sókè sódò títí tí ti mọ́dẹ́ẹ̀lì fi bá ti ibùdó rẹ mu. Lọ́jọ́ ìjì, ohun tó ń gbà mí nìyẹn.

BàbáÌbàdàn
Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ yìí rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. IRI ní ibi tí wọ́n ti ń tan "foF2 storm model". Ap (ìwọ̀n bí òòfà ayé ṣe ń dàrú) ti wákàtí 33 tó ti kọjá ló ń wò, foF2 (tó ń sọ bí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe pọ̀ tó níbi tí wọ́n ti pọ̀ jù) nìkan ló sì ń tún ṣe. Ibi tó jìnnà sí ìlà agbedeméjì ló ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìlà agbedeméjì òòfà sì rèé, orí Nàìjíríà gan-an ló gbà kọjá!

Lọ́dọ̀ tiwa, electric field (agbára iná tó ń ti ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù) lọ̀gá. Lójú ọ̀sán, ó ń gbé pílásímà (àdàpọ̀ ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù àti áyọ́ọ̀nù) sókè, pílásímà náà á wá ṣàn wá sílẹ̀ sí àríwá àti gúúsù, ní nǹkan bíi 15° sí ìlà náà. Bí ìjì bá dé, field tuntun á já wọlé lójijì. Ní wákàtí díẹ̀ sí i, ẹ̀fúúfù láti apá òpó ayé tó ti gbóná á gbé òmíràn wá tó máa ń kọjú ìjà sí ti àkọ́kọ́, ó sì lè wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. TEC lè ga, kó tún wálẹ̀, láàárín ìjì kan ṣoṣo. Ti 2024 tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa, oòrùn ń wọ̀ lọ.

TIEGCM, mọ́dẹ́ẹ̀lì ti NCAR ní Amẹ́ríkà, ń fi físíìsì ṣírò èyí. CCMC, ibùdó mọ́dẹ́ẹ̀lì ti NASA, á bá ọ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ẹ̀rọ tiwọn. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í ga ju nǹkan bíi 700 km lọ.

ÌyáÌbejì
Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá, àmọ́ másítà ni, kì í ṣe PhD. Kó mú IRI àti NeQuick, kó wá fi TIEGCM ṣàlàyé ìjì kan péré.

Àbúrò, má kàn mú ọjọ́ tó ṣáájú ìjì kó o pè é ní ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́. GFZ, ilé ìwádìí kan ní Potsdam ní Jámánì, máa ń to ọjọ́ mẹ́wàá tó rọlẹ̀ jù lóṣooṣù. Mú márùn-ún nínú wọn, kó o wá ìpíndọ́gba TEC wọn. Mú Dst (ìwọ̀n bí ìjì ṣe fa òòfà ayé wálẹ̀ tó) láti Kyoto: ti 2015 kọjá −200 nT, ti 2024 kọjá −400. Sì wo aago rẹ! Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bá IRI jà pé òkè rẹ̀ sún síwájú. UT (aago àgbáyé, tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa) ni IRI mi, aago Nàìjíríà ni mo fi ya GPS.

ỌmọFísíìsì
Ẹ ṣeun gan-an. Mo tan storm yẹn, mo pa á, fún 17 oṣù kẹta: ìlà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ara wọn. Ọ̀gá ti gbà kí n mú méjì. Ìṣòro tó kù ni pé dátà ibùdó mi já lálẹ́ ọjọ́ 10, láti agogo méje sí mọ́kànlá. Iná ló lọ. Ṣé kí n fi IRI dí i?

BàbáÌbàdàn
Rárá o! Ìwọ tó o fẹ́ dá IRI lẹ́jọ́, o tún fẹ́ fi í ṣe ẹlẹ́rìí? Wá ibùdó míràn tó wà nítòsí, tí kò jìnnà sí ìlà òòfà ju tìrẹ lọ. Bí o ò bá rí, fi àlàfo náà sílẹ̀ nínú àwòrán, kó o kọ ọ́ síbẹ̀ pé iná lọ.

ỌmọFísíìsì
Mo ti gbọ́, sà. Mo ń wá ti Kútọnu.