Bí a ṣe lè fi ọ̀nà-àbùjá orí desktop ṣí géèmù DOS àtijọ́ nínú DOSBox

Bàbá Ìbejì béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mo ní géèmù Prince of Persia ti ayé DOS (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà kí Windows tó gbòde), ẹ̀dà ọdún 1990, tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi máa gbá lórí kọ̀ǹpútà Windows 10 wa. Mo mọ̀ pé Windows oní-64-bit kì í ṣí ètò 16-bit bíi ti ayé DOS mọ́, ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbé DOSBox 0.74-3, ètò tó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà DOS, sórí ẹ̀rọ. Bí mo bá ṣí DOSBox fúnra rẹ̀, tí mo tẹ «cd prince», tí mo sì tẹ «prince» tẹ̀ lé e, géèmù náà á ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje ni wọ́n, n kò sì fẹ́ kí wọ́n máa jí mi lójú oorun ọ̀sán pé kí n wá bá wọn tẹ àṣẹ.

Mo wá dá ọ̀nà-àbùjá (shortcut) kan sórí desktop, mo sì kọ ìlà yìí sínú àpótí Target rẹ̀:

"C:\Program Files (x86)\DOSBox-0.74-3\DOSBox.exe" "D:\Geemu\Prince\PRINCE.EXE" -noconsole -exit

Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, fèrèsé dúdú kan á yọjú fìrí, á sì pòórá. Nígbà tí mo yọ -exit kúrò ni mo tó rí ohun tó ń kọ: «Drive C already mounted», lẹ́yìn náà «Illegal command: PRINCE.EXE». Fáìlì náà sì wà níbi tí mo sọ pé ó wà. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe fèsì:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Ìbejì. Ìlà tí ẹ kọ kò ní àṣìṣe kankan. Ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ó dá mi lójú pé ẹ ti kọ «mount c D:\Geemu» àti «c:» sí ìsàlẹ̀ fáìlì ìṣètò DOSBox yín, lábẹ́ [autoexec], ibi tí àwọn àṣẹ tí DOSBox ń ṣe fúnra rẹ̀ bí ó bá ṣí máa ń wà, kí ẹ má baà máa tẹ̀ wọ́n nígbà gbogbo. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kì bá tí lè tẹ «cd prince» gẹ́rẹ́ tí DOSBox bá ṣí.

Nígbà tí ọ̀nà-àbùjá bá fi orúkọ fáìlì kan lé DOSBox lọ́wọ́, ohun tó wà lábẹ́ [autoexec] ni yóò kọ́kọ́ ṣe. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó gbìyànjú láti fi fódà tí fáìlì náà wà ṣe C (C ti inú DOSBox, kì í ṣe ti Windows), tí yóò bọ́ sínú C, tí yóò sì pe fáìlì náà lórúkọ. Ní tiyín, ó bá D:\Geemu lórí C, bí ẹni tó kó ẹrù dé yàrá tí ayálégbé mìíràn kò tíì jáde nínú rẹ̀. Kò lè lé e. Ó bọ́ sínú C náà bẹ́ẹ̀, ó ń pe PRINCE.EXE ní D:\Geemu, nígbà tó jẹ́ pé inú fódà Prince ni ó wà. -exit sì ti ilẹ̀kùn kí ẹ tó rí ohunkóhun kà.

Ẹ fi -noautoexec kún ìparí ìlà yín, DOSBox yóò sì fo [autoexec] náà kọjá. Ẹ má wulẹ̀ pa ìlà «mount» yẹn rẹ́, nítorí ẹ̀yin fúnra yín ṣì ń lò ó nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ tẹ àṣẹ.

Ọmọ Ọ̀yọ́ fèsì:

Àlàyé ọ̀gá tọ̀nà, ṣùgbọ́n èmi a máa dá fáìlì ìṣètò kékeré sílẹ̀ fún géèmù kọ̀ọ̀kan, nítorí pé bó pẹ́ bó yá, ẹ óò fẹ́ gbé géèmù tó nílò CD sórí ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ laptop òde òní kò sì ní ibi tí wọ́n ń fi CD sí mọ́. Irú ìyẹn nílò ju C nìkan lọ. Ẹ ṣí Notepad, kí ẹ kọ èyí, kí ẹ sì fi pamọ́ sí D:\Geemu\prince.conf:

[sdl]
fullscreen=true
[autoexec]
mount c "D:\Geemu\Prince"
c:
prince
exit

Ìlà Target yóò wá jẹ́:

"C:\Program Files (x86)\DOSBox-0.74-3\DOSBox.exe" -conf "D:\Geemu\prince.conf" -noconsole

Fún géèmù oní-CD, ẹ ó fi ìlà bí «imgmount d "D:\Geemu\disiki.cue" -t iso» síwájú «c:», níbi tí disiki.cue jẹ́ fáìlì ẹ̀dà CD náà. Bí ẹ bá lo -conf nìkan, DOSBox kò ní ka fáìlì ìṣètò àgbà rárá, nítorí náà kò sí ìjà lórí C. Àwọn kan á ní kí ẹ fi -userconf kún un kí ó lè ka méjèèjì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n [autoexec] méjèèjì ni yóò ṣe, ẹ ó sì padà sí ibi tí ẹ ti ń bọ̀.

Ní ti ìyára géèmù, bí ó bá ń wọ́, Ctrl+F12 a máa fi kún un, Ctrl+F11 a sì máa dín in kù. Iye cycles (ìwọ̀n ìyára tí DOSBox fi ń ṣiṣẹ́) tó bá tẹ́ yín lọ́rùn máa ń hàn lókè fèrèsé. Ẹ lè kọ ọ́ sábẹ́ [cpu] nínú prince.conf.

Bàbá Ìbejì fèsì:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí: ìlà «mount» náà wà nínú fáìlì mi, mo ti gbàgbé pé èmi ni mo kọ ọ́. -noautoexec ni mo kọ́kọ́ fi gbìyànjú, ó sì ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó kù ni pé àwòrán DOSBox ni ọ̀nà-àbùjá náà gbé sójú. Ṣé n kò lè fa ti géèmù náà jáde láti inú PRINCE.EXE?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe fèsì:

Fáìlì EXE ti ayé DOS kì í ní àwòrán kankan nínú. Ẹ wá àwòrán tó wù yín, kí ẹ sọ ọ́ di fáìlì .ico, kí ẹ sì lọ sí Properties ọ̀nà-àbùjá náà, níbi Change Icon. Inú fódà géèmù ni kí ẹ fi .ico náà sí. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú Downloads, ọjọ́ tí ẹ bá gbá ibẹ̀ mọ́ ni àwòrán náà yóò lọ.